Ẹgba Ọmọdé A Máa Bá Ni Dàgbà

Ní Alajue wa níhìn-ín, ní Ẹdẹ, àgbà a máa wí pé, "Wọ́n lù mí, mo sì di ènìyàn." Wọ́n lu èmi náà. Títí di òní, bí ẹnìkan bá ṣàdédé gbọ́wọ́ sókè, àyà mi a já.

Ìbáwí yàtọ̀ sí ìyà. Ọmọ tí a ń lù bí ẹni lu bàrà, tí a ń pè ní olórí burúkú lójoojúmọ́, lè dàgbà tán kí ó máa fura sí ọ̀rẹ́, kí ó máa bínú fùfù, kí ó má lè fọkàn tán aya tàbí ọkọ.

Ìwádìí tí a ṣe ní Nàìjíríà ní 2014 fi hàn pé bí 6 nínú ọmọ 10 ni ó ń rí ìwà ipá kí wọ́n tó pé ọdún 18. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ìwà wọn ń bàjẹ́: àgbàlagbà kan tí ó fẹ́ràn ọmọ lè tún un ṣe.

Bí inú bá ń bí yín, ẹ fi ẹgba sílẹ̀ ná. Ọwọ́ ọ̀tún tí ó bá ọmọ wí, tòsì ni kí ó fà á mọ́ra. Ẹni tí àpá àtijọ́ bá sì ń yọ lẹ́nu, kí ó lọ rí dókítà. Kì í ṣe èpè.