Ebi kọ́ ni yóò mú kí báàgì yín gbẹ

*Màmá Olùdámọ̀ràn, taifọ́ìdì ló dá ìfun mi lu. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi dóòlà ẹ̀mí mi, ṣùgbọ́n wọ́n fa ìfun kékeré yọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ikùn mi, báàgì ni mo fi ń gba ìgbẹ́ báyìí. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági. Kí báàgì má baà kún lójú oníbàárà, n kì í jẹun títí dalẹ́, omi tútù nìkan ni mò ń mu. Síbẹ̀ kò yéé kún. Ó ń rẹ̀ mí, pajápajá sì ń mú mi lẹ́sẹ̀ lóru. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn*

Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ewu. Ọ̀rọ̀ àgbo ni n ó kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀: ẹ má fẹnu kàn án. Ó ń mú kí inú ṣíṣí pọ̀ sí i, ohun tí ara yín kò sì lè gbà lásìkò yìí nìyẹn. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, kí ẹ gbé ìgò náà pamọ́.

Ìfun ńlá ló máa ń fa omi àti iyọ̀ padà sára kí ìgbẹ́ tó le. Tiyín wà nísinmi báyìí, nítorí náà inú báàgì ni omi àti iyọ̀ ń gbà lọ. Bí ẹ jẹun, bí ẹ ò jẹun, ìfun kékeré kò dákẹ́ dída omi tirẹ̀. Ebi kàn ń jẹ́ kó máa ṣàn gbuuru ni, kí afẹ́fẹ́ sì kún un. Omi tútù tí ẹ ń dà sí i láìjẹun tún ń ru iyọ̀ tó kù jáde. Ibẹ̀ ni mo fura pé àárẹ̀ àti pajápajá yín ti ń wá.

Láti dá omi àti iyọ̀ náà padà sára, ẹ ra ORS ní kẹ́místì. Bí kò bá sí, ẹ po lítà omi mímọ́ kan, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí ẹ gé lórí dọ́gba, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí kan náà. Inú ìgò ni kí ẹ gbé e lọ sọ́jà, kí ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà.

Ẹ máa jẹun díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, kí ti alẹ́ sì kéré jù, kí báàgì má baà jí yín lóru. Ìrẹsì, búrẹ́dì, iyán àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ń mú kí ìgbẹ́ ki. Wàhálà àwa Yorùbá ni pé a kì í rún òkèlè, a kàn ń gbé e mì. Àmàlà fúnra rẹ̀ kò burú, yóò yọ́. Pọ̀nmọ́, ṣàkì àti olú tó bá a wọ ọ̀fun láìrún ló lè há sójú ìfun tí wọ́n fà yọ. Àgbàdo, ẹ̀pà, àgbọn àti ọ̀pẹ òyìnbó: ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti àgbálùmọ̀, ẹ má gbé èèpo àti kóró rẹ̀ mì. Ẹ̀wà ń dá afẹ́fẹ́ sílẹ̀, mọ́ínmọ́ín tí a bó èèpo ẹ̀wà rẹ̀ dáadáa rọrùn jù ú lọ.

Lọ́jà, ẹ má dúró kí báàgì kún. Bó bá ti ń sún mọ́ ìdajì, ẹ lọ dà á, kí aládùúgbò kan tí ẹ fọkàn tán bá yín wo ìsọ̀. Ẹ má fi òrí tàbí òróró pa awọ tó yí ojú ìfun ká, báàgì kò ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Bí nǹkan kan ò bá jáde fún wákàtí 4 sí 6, tí inú ń lọ́ yín tàbí tí ẹ ń bì, ilé ìwòsàn ni kíá. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ojú ìfun tó pupa bá di dúdú, tàbí bí ohun tó ń jáde lóòjọ́ bá ju lítà kan àtààbọ̀ lọ, tí ìtọ̀ yín sì dín kù.

Ẹ bi dókítà bóyá tiyín jẹ́ ti ìgbà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú èyí ni wọ́n máa ń dá padà sínú lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ṣùgbọ́n wọn kò ní fẹ́ gbé ẹni tí ebi ti mú ara rẹ̀ rù padà sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ.