Owó Ìtọ́jú Eyín: Ti Ìjọba Ni Tàbí Ti Aládàáni?

Ọ̀rọ̀ eyín ni a óò sọ lónìí. Kì í ṣe bí a ti ń fi orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, nítorí a ti sọ ìyẹn lójú ìwé yìí rí, bí kò ṣe owó ìtọ́jú rẹ̀, àti ìdí tí owó náà fi ń wúwo lọ́rùn ẹlòmíràn ju ẹlòmíràn lọ.

Ìyá àgbà kan tí ń ta gàrí wọlé wá bá mi ní dispẹ́ńsárì wa ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà níbí ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n fi ìborùn di ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, bá mi wá nǹkan ṣe sí i." Mo ní kí wọ́n la ẹnu. Eyín ẹ̀yìn kan ti jẹrà dé ìdí, erìgì ibẹ̀ sì ti wú. Mo bi wọ́n pé, "Mà á, ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?" Wọ́n ní ó ti lé ní ọdún kan. "Ti ìjọba jìnnà, ti aládàáni ń gba owó gọbọi. Nígbà tó yá kò dùn mí mọ́, mo bá rò pé ó ti san."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, níbẹ̀ gan-an ni eyín ti ń tan ènìyàn jẹ. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń jẹ ṣúgà tó kù sí wa lẹ́nu, wọ́n a sì sọ ọ́ di omi kíkan tí ń jẹ ara eyín díẹ̀díẹ̀. Bí ihò náà bá dé ibi iṣan, ìrora ńlá dé. Bí ìrora náà bá wá dáwọ́ dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tọ́jú rẹ̀, iṣan ti kú ni, ọyún sì ń kóra jọ nísàlẹ̀. Eyín kò dà bí awọ ara tí egbò rẹ̀ ń san fúnra rẹ̀.

Bí àìsàn yìí ti ń rìn ni owó rẹ̀ ń rìn. Nígbà tí ihò bá ṣì kéré, dókítà eyín lè fọ̀ ọ́ kí ó sì dí i ní ìjókòó kan. Bí ó bá ti dé ibi iṣan, ọ̀nà méjì ló kù. A lè yọ eyín náà, a sì lè nu inú gbòǹgbò rẹ̀ kí á dí i. Ti ìkejì yìí lè gba ìjókòó méjì tàbí mẹ́ta, a óò fi ẹ̀rọ ya àwòrán eyín, nígbà mìíràn a óò tún fi adé dé e lórí. Ó wọ́n púpọ̀, àní ní ilé ìwòsàn ìjọba pàápàá. Nítorí náà ẹni tó lówó ń ra eyín rẹ̀ padà, ẹni tí kò ní ń fi tirẹ̀ sílẹ̀ nínú abọ́ dókítà. Mo ti rí i tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń fi eyín iwájú mọ ẹni tí àpò rẹ̀ kò tó, èyí kò sì dùn mọ́ mi nínú rárá.

Ní ti ìjọba, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo sábà máa ń darí àwọn ènìyàn sí. Wesley Guild ní Iléṣà náà ti wà lábẹ́ rẹ̀ láti 1975. Owó tí wọ́n ń gbà lórí eyín kéré sí ti aládàáni, ṣùgbọ́n ẹ má ka iye tó wà lórí rìsíìtì nìkan. Láti ìhín, ọkọ̀ Iléṣà ni a óò kọ́kọ́ wọ̀, lẹ́yìn náà ọkọ̀ Ifẹ̀, àti ti àbọ̀. Ẹ fi owó káàdì kún un, àti oúnjẹ, àti ọjà tí a kò ná lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá ní kí á padà wá lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ó sì lè ṣe kòńgẹ́ ìyanṣẹ́lódì, bí irú èyí tí àwọn dókítà ṣe láti 2 August 2021 títí wọ October.

Aládàáni ní tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀dájú. Òun ló ra àga, òun ló ń ra dísù, láti òkè òkun sì ni púpọ̀ nínú ohun èlò rẹ̀ ti ń wá. Ohun tó ń ni wá lára ni pé gbogbo owó náà ló fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan. Àwa Ìjẹ̀ṣà ni ọmọ òṣómàáló, tí àwọn baba wa ń tà aṣọ láwìn tí wọ́n sì ń gba owó díẹ̀díẹ̀. Mo ti bẹ dókítà kan rí fún ẹnì kan pé kí ó gbà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbà. Ẹ máa béèrè. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ tún béèrè ìwé àṣẹ tí Ìgbìmọ̀ Oníṣègùn àti Oníṣègùn Eyín Nàìjíríà ń fún dókítà lọ́dọọdún.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa nìkan ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 5 July 1948, eyín wà nínú rẹ̀. Kò pé ọdún mẹ́ta tí ìjọba fi owó lé eyín àtọwọ́dá. Aneurin Bevan, mínísítà tó dá ètò náà sílẹ̀, bínú fi ipò sílẹ̀ ní April 1951. Ní 1952 wọ́n tún fi pọ́n-ùn kan lé ìtọ́jú eyín. Eyín ni ìjọba kọ́kọ́ ń gé kúrò nígbà tí owó bá ń wọ́n. Nílé níbí, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tọ́jú ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́ títí dé ọdún 18, Olóyè Bọ́lá Ìgè sì tún gbé ìtọ́jú ọ̀fẹ́ dìde ní Ọ̀yọ́ àtijọ́ láti 1979 sí 1983. Ológun dé, ó parí.

Èyí tó wà báyìí ni adójútòfò ìlera, tó dà bí àjọ tí a ń dá kí àìsàn tó dé. Ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005. Òṣìṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọkọ tàbí aya rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18, lẹ́tọ̀ọ́ sí àyẹ̀wò eyín, dídí ihò, àti yíyọ eyín tí kò le. Adé eyín kò sí níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ rárá, wọ́n ń san owó lọ́dọ̀ aládàáni fún ohun tó tọ́ sí wọn nínú ètò náà! Ẹ lọ béèrè. Òfin 2022 sọ pé kí olúkúlùkù ní adójútòfò, ṣùgbọ́n ta ni yóò yọ owó lára gàrí? Ọ̀ṣun ní àjọ adójútòfò tirẹ̀ fún irú àwọn bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó san, ẹ bi wọ́n bóyá dídí eyín wà nínú rẹ̀, tàbí yíyọ nìkan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi omi bátìrì, áásáà tàbí ẹ̀tù inú kápúsù sínú ihò eyín. Ó ń bó erìgì. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, tí ibà wà níbẹ̀, tí gbígbé itọ́ mì sì di ìṣòro, ẹ má ro ti owó mọ́. Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ó lè dí ọ̀nà ọ̀fun pa ènìyàn.

Ìyá oní-gàrí lọ sí Ifẹ̀. Wọ́n yọ eyín náà, wọ́n sì rí ihò kékeré kan lára èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n dí i. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú ọmọ-ọmọ wọn méjì wá bá mi kí n yẹ ẹnu wọn wò.