Lẹ́ǹsì Fífẹ̀ Lábẹ́ Àpáta Olúmọ

Ìbéèrè: Kí ni àǹfààní lẹ́ǹsì fífẹ̀ tí kò ní súùmù fún ayàwòrán ní Abẹ́òkúta?

Ìdáhùn: Lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀, irú bíi 24mm, máa ń kó ibi tó gbòòrò sínú àwòrán, àmọ́ kì í fa ohun tó jìnnà súnmọ́ tòsí. Nínú ihò abẹ́ Àpáta Olúmọ, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun, kò sí àyè láti fà sẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ kò sì tó. Bí ojú lẹ́ǹsì, ìyẹn ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, bá ṣí dé f/1.8, ìmọ́lẹ̀ tí yóò gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti f/3.5 tó wà lára ọ̀pọ̀ súùmù tí kò wọ́n. Ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, lẹ́ǹsì yìí lè kó ìyá aládìrẹ àti gbogbo àtẹ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó bá bọ́ sí etí àwòrán yóò fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, èyí tí oníbàárà kì í sábà gbójú fò.