Ẹ̀KỌ́ KẸTÀLÁ: BÍ ÌGBÌ ÒKUN BÁ BO ÈNÌYÀN MỌ́LẸ̀

Àwọn àgbà ní: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ òwe yìí. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí òwe náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ibẹ̀ ni abẹ́ ìgbì òkun. Níbẹ̀, ẹni tó bá ń fi agbára jà lè kú. Ẹni tó bá fi ẹ̀sọ̀ ṣe é, lọ́pọ̀ ìgbà, a máa yọ.

Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ kà á fún ẹni tí kò tí ì mọ̀wé nínú ilé yín.

1. Àwọn tí ń gun ìgbì

Ẹ ti rí ẹni tó ń gun ẹṣin. Ẹ ti rí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ǹjẹ́ ẹ ti rí ẹni tó ń gun ìgbì òkun bí?

Pákó gígùn kan ni wọ́n fi ń gùn ún. Pákó náà fúyẹ́, kì í rì. Ẹni tó fẹ́ gun ìgbì yóò dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, yóò máa fi ọwọ́ tu omi lọ síbi tí ìgbì ti ń dìde. Bí ìgbì bá ti gbé e, yóò fò dìde dúró lórí pákó náà, ìgbì yóò sì máa gbé e sáré bọ̀ sí etíkun. Wọ́n ń fi okùn so pákó náà mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, kí ó má baà sá lọ bí ènìyàn bá ṣubú.

Àwọn ará Hawaii, ní àwọn erékùṣù inú òkun Pàsífíìkì, ti ń ṣe eré yìí láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Etíkun tiwa náà mọ̀ ọ́n. Ní àwọn ọdún 1830, òyìnbó kan tó dé Àkrà, tó wà ní ilẹ̀ Gánà lónìí, kọ ọ́ sínú ìwé pé òun rí àwọn ọmọdékùnrin tí wọ́n fi pákó sábẹ́ ikùn, tí wọ́n ń dúró de ìgbì kí ó gbé wọn wá sí iyanrìn. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ń gun ìgbì ní Tarkwa Bay, lẹ́nu ọ̀nà òkun Èkó, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń dé ibẹ̀.

Ẹni tó bá ń gun ìgbì kò lè ṣàìṣubú. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ó mọ̀ ni bí a ti í ṣubú.

2. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ

Ẹ gbọ́ ìtàn kékeré kan. Ọmọkùnrin kan wà ní Tarkwa Bay tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń gun ìgbì. Ó mọ omi wẹ̀ dáadáa. Ní ọjọ́ kan, ìgbì kan tó ga ju ènìyàn lọ dìde lẹ́yìn rẹ̀. Ó fò dìde lórí pákó, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú. Ìgbì náà wó lé e lórí, gbì! Ó ń yí i po bí ẹ̀wà tó ń hó nínú ìkòkò. Ọmọ náà kò mọ òkè, kò mọ ilẹ̀. Ó ń ta ọwọ́, ó ń ta ẹsẹ̀, ó ń jà fitafita. Àyà rẹ̀ ń gbóná bí ẹni pé iná wà níbẹ̀. Ó wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Ó parí. Ìyá mi ò ní rí mi mọ́.”

Lẹ́yìn náà ni orí rẹ̀ yọ. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé orí iyanrìn, ó jókòó, ó ń gbọ̀n. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ wá bá a níbẹ̀.

“Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ṣé kò sí ibi tó ń dùn ọ́?”

“Kò sí, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n mo ti kú, mo tún jí ni o.”

“Báwo ni o ṣe pẹ́ tó lábẹ́ omi?”

“Ẹ̀gbọ́n, á tó ìṣẹ́jú méjì.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Láti ìgbà tí o ti ṣubú ni mo ti ń kà. Oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Ẹẹ́jọ ni mo kà dé tí orí rẹ fi yọ. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ péré ni.”

“Ẹẹ́jọ kẹ̀! Ẹ̀gbọ́n, kò lè rí bẹ́ẹ̀.”

“Ó rí bẹ́ẹ̀. Sinmi ná. Bí ara rẹ bá ti balẹ̀, kí o sé èémí rẹ níbi tí o jókòó sí, kí èmi máa kà.”

Nígbà tí ara ọmọ náà balẹ̀, ó sé èémí. Ọ̀gá kà dé ogún, nǹkan kan kò ṣe é. Ó kà dé ọgbọ̀n kí ọmọ náà tó mí.

“Ṣé o rí i? Lórí ilẹ̀, o sé èémí dé ọgbọ̀n. Lábẹ́ omi, ẹẹ́jọ fẹ́ pa ọ́. Kí ló fà á? Ìbẹ̀rù ni, àti ìjà tí ò ń bá omi jà.”

3. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara?

Afẹ́fẹ́ tí a fà sínú ń lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Láti ibẹ̀, ohun rere inú rẹ̀ ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé e kiri ara. Bí ara bá ti ń lò ó, afẹ́fẹ́ mìíràn tí kò wúlò fún ara ń jáde láti inú rẹ̀. Èyí ni a ń mí síta.

Bí a bá sé èémí, afẹ́fẹ́ tí kò wúlò yìí kò rí ọ̀nà jáde. Ó ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó ti ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ń pariwo pé, “Mí! Mí!” Àyà yóò gbóná, ọ̀fun yóò fẹ́ là fúnra rẹ̀.

Ẹ fiyè sí èyí dáadáa: igbe yẹn kò túmọ̀ sí pé ohun rere ti tán nínú ara. Ó ṣì kù. Igbe náà dà bí agogo tí wọ́n lù pé ọjà fẹ́ tú. Ọjà kò tí ì tú.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jà ń yára ná èyí tó kù. Nínú ẹni tó jókòó àti ẹni tó ń sáré, ta ni ó ń mí hẹlẹhẹlẹ? Ìbẹ̀rù náà ń mú kí ọkàn máa yára lù. Bí owó ọwọ́ ẹni bá kéré, tí ọ̀nà ilé sì jìn, a kì í fi ra ọtí fún gbogbo èrò ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà láyà ẹni lábẹ́ omi, owó ọ̀nà ilé ni.

Ìdí mìíràn wà tí ìjà kò fi wúlò. Omi funfun tó ń hó lẹ́yìn tí ìgbì bá wó, afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ tu ú, ọwọ́ kò rí ohun gidi tì. Ṣùgbọ́n ìgbì kì í dúró lójú kan. Á kọjá. Nígbà tí ó bá kọjá, omi yóò ki, ọwọ́ yóò sì ríṣẹ́ ṣe.

4. Ohun tí a ó ṣe

(a) Bí ẹ bá rí i pé ẹ ó ṣubú, ẹ fa èémí kan sínú, kí ẹ sì pa ẹnu dé. Ẹ má fi orí sọlẹ̀, nítorí ilẹ̀ òkun lè sún mọ́ tòsí.

(b) Ẹ fi apá méjèèjì bo orí, nítorí pákó àti ilẹ̀.

(d) Ẹ dẹ ara. Ẹ má bá ìgbì jà. Ẹ jẹ́ kí ó yí yín bí ó ti fẹ́.

(e) Ẹ máa kà nínú ọkàn yín: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Ìgbì ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣeré kì í sábà mú ènìyàn ju ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Ẹni tó ń kà mọ ibi tí òun dé, ìbẹ̀rù kò sì ní lè purọ́ fún un.

(ẹ) Nígbà tí omi bá rọ̀, ẹ wá òkè. Ẹ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Tàbí kí ẹ fi ọwọ́ tọ okùn ẹsẹ̀ yín, nítorí pákó léfòó, okùn yóò sì fi ọ̀nà hàn yín.

(f) Ẹ na ọwọ́ kan sókè bí ẹ ti ń yọ, kí pákó má baà gbá yín lórí.

(g) Ẹ mí, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ìgbì mìíràn bá ń bọ̀, ẹ fa èémí, kí ẹ mòòkùn sábẹ́ rẹ̀ kí ó tó wó.

5. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe

Àwọn kan máa ń mí kíákíákíá kí wọ́n tó mòòkùn, kí wọ́n lè pẹ́ lábẹ́ omi. Ẹ má ṣe é o! Ohun tí èyí ń ṣe ni pé ó ń lé afẹ́fẹ́ tí kò wúlò jáde ju bó ti yẹ lọ. Nígbà náà, agogo inú ọpọlọ kò ní lù lákòókò. Ohun rere inú ara yóò tán láìsí ìkìlọ̀, ènìyàn yóò sì dákú sínú omi láìjà, láìké. Ẹni tó mọ omi wẹ̀ gan-an lè bá èyí lọ. Àwọn àgbà tó ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ kò purọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń sé èémí, orí ilẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é, ní ìjókòó. Ẹ má ṣe dá a ṣe nínú omi láé.

6. Ẹnìkejì ẹni

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́: ọkàn tó balẹ̀ nìkan kò tó.

Obìnrin ará Brazil kan wà tó ń jẹ́ Maya Gabeira. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, ó lọ gun ìgbì ní Nazaré, ní ilẹ̀ Pọ́túgàl, níbi tí ìgbì ti lè ga ju ilé alájà mẹ́fà lọ. Ìgbì ńlá kan gbé e ṣubú, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣẹ́. Aṣọ amúniléfòó bọ́ lára rẹ̀. Àwọn ìgbì mìíràn tún bò ó. Ó dákú. Carlos Burle, ẹnìkejì rẹ̀, tó gun ẹ̀rọ ojú omi kan tó dà bí alùpùpù, ló wá a rí, tó sì fà á dé etíkun. Wọ́n tẹ àyà rẹ̀ níbẹ̀ títí ó fi tún mí. Ó padà sí Nazaré yẹn kan náà. Ní ọdún 2018, ó gun ìgbì tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 68. Ní ọdún 2020, ó gun òmíràn tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 73 àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkejì rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ ní ọdún 2013, ìtàn náà ì bá ti parí lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ gbọ́ òmíràn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, ọkọ̀ apẹja kan dojú dé ní etíkun California, ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 29 ló wà nínú rẹ̀. Duke Kahanamoku, ará Hawaii tó mọ ìgbì gùn, wà nítòsí. Ó mú pákó rẹ̀, ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ, títí ó fi gba ènìyàn 8 là. Àwọn mìíràn gba ènìyàn 4 là. Ènìyàn 17 bómi lọ. Pákó eré ni pákó náà, ṣùgbọ́n ohun tó ń léfòó ni.

7. Ẹ̀kọ́ yìí kan gbogbo wa

Ẹnìkan lè sọ pé, “Èmi kì í gun ìgbì. Ẹja ni mo ń tà.” Ẹ̀kọ́ yìí kàn yín. Ṣé ẹ kì í wọ ọkọ̀ ojú omi ni? Ẹ wọ aṣọ amúniléfòó kí ọkọ̀ tó ṣí.

Bí ẹ bá bọ́ sómi, ẹ má kọ́kọ́ jà. Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, ẹ kọjú sókè, ẹ jẹ́ kí etí wọ inú omi, kí ẹ máa mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ìpayà yóò fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ké tàbí kí ẹ lúwẹ̀ẹ́. Bí omi bá ń wọ́ yín kúrò ní etíkun lọ sí agbami, ẹ má dojú kọ ọ́. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa lọ bí etíkun ti lọ, títí ẹ ó fi kúrò nínú rẹ̀.

Bí ẹlòmíràn ni ó ń rì, ẹ má sáré bẹ́ sómi bí ẹ kò bá kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń rì lè di yín mú, kí ẹ̀yin méjèèjì sì bá a lọ. Ẹ ju okùn, pákó, tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé lẹ́nu sí i. Ẹ ké pe ènìyàn.

8. Ìparí ìtàn wa

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọmọkùnrin wa tún ṣubú. Ìgbì náà ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó fi apá bo orí, ó dẹ ara, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní ẹẹ́rin, ìgbì ṣì ń yí i. Ní ẹẹ́fà, àyà rẹ̀ ń pariwo. Ó wí fún un pé, “Mo gbọ́. Ọjà kò tí ì tú.” Ní ẹẹ́sàn-án, omi rọ̀. Ó rí ìmọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, ó yọ.

Ọ̀gá pè é láti etíkun: “Àbúrò, mélòó?”

“Ẹẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n!”

“Èmi náà ka ẹẹ́wàá.”

ÌBÉÈRÈ

1. Ìṣẹ́jú mélòó ni ọmọ náà rò pé òun lò lábẹ́ omi nígbà àkọ́kọ́? Mélòó ni ó lò ní tòótọ́?
2. Kí ló ń mú kí ọpọlọ pariwo pé “Mí! Mí!”?
3. Kí nìdí tí kò fi dára láti mí kíákíákíá kí a tó mòòkùn?
4. Ta ló gba Maya Gabeira là?
5. Kí ni ẹ lè jù sí ẹni tó ń rì ní àdúgbò yín? Ẹ kọ mẹ́ta sílẹ̀.
6. Ẹ kọ òwe tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí láìwo ìwé.