Ìmọ̀ràn fún Ẹni tó Fẹ́ Wo Ẹranko Ní Ọ̀yọ́-Ilé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀ ń wo kìnnìún ilẹ̀ Kẹ́ńyà lórí fóònù, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú yín ló ti dé Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé. Igbó náà fẹ̀ ju 2,500 kìlómítà níbùú lóròó lọ, tiyín sì ni. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ gbọ́ tèmi.

1. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Ọ́fíìsì ọgbà wà nílùú Ọ̀yọ́. Ẹ gba àṣẹ níbẹ̀, kí ẹ sì gba ẹ̀ṣọ́ tí yóò mú yín wọlé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ padà sílé.

2. Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lásìkò òjò, koríko a ga débi pé ẹfọ̀n lè wà nítòsí kí ẹ má rí i. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹrin, koríko ti gbẹ, omi ti fà, ẹranko a sì máa wá mumi létí odò.

3. Ẹ tètè jí. Oòrùn ọ̀sán a máa lé ẹranko sábẹ́ igi. Ní ìdájí ni ẹ ó rí àgbọ̀nrín tó ń jẹko, tòun ti awọ pupa àti ìlà funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí etí rẹ̀ kò sinmi. Ẹ má fín lọ́fínńdà, ẹ pa ohùn fóònù yín.

4. Ẹ ní sùúrù. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ ìjímèrè àti ìmàdò nìkan ni ẹ ó rí. Ẹ wo ipasẹ̀ nínú yanrìn, kí ẹ bi ẹ̀ṣọ́ léèrè ohun tó kọjá àti ìgbà tó kọjá. Ẹni tó bá mọ ipasẹ̀ ẹranko kò lọ lásán.

5. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ilẹ̀ náà. Inú igbó yìí ni olú-ìlú àwọn Aláàfin wà kó tó di ahoro láàrin ọdún 1830 sí 1840. Ẹ má ṣa àpáàdì kankan níbẹ̀.

6. Ẹ má ra ẹran tí wọ́n pa nínú ọgbà. Ẹni tó ra itan àgbọ̀nrín lẹ́bàá títì ló tún rán ọdẹ padà sínú igbó. Iṣu àti oyin ni kí ẹ rà lọ́wọ́ àwọn ará Ìgbẹ́tì àti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, kí wọ́n lè jèrè lára ẹranko tó wà láàyè.

Láti ọdún 1991 ni ó ti jẹ́ ọgbà ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè ṣọ́ igbó. Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ wò ó, kí ẹ sì mú àwọn àbúrò yín dání.