Olówó Púpọ̀ Lórí Owó Iṣẹ́ Kan

Igi gànǹgàn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ní Amẹ́ríkà, ìwé ìpẹ̀jọ́ máa ń délé ṣáájú kí kóòtù tó pàṣẹ pé kí wọ́n máa yọ gbèsè káàdì tàbí ti ilé ìwòsàn lára owó iṣẹ́ ẹni. Onígbèsè tó bá ki ìwé náà bọ abẹ́ tìmùtìmù, tí kò yọjú, olówó yóò gba ìdájọ́ lẹ́yìn rẹ̀, àṣẹ yóò sì lọ tààrà bá ẹni tó ń sanwó fún un. Ẹnu ọ̀nà onígbèsè ni òṣómàáló ayé àtijọ́ ń lóṣòó sí. Ẹ̀gbẹ́ akọ̀wé owó ni ti Amẹ́ríkà ń lóṣòó sí.

Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ ni pé bí olówó mẹ́rin bá dé, owó yóò tán pátá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1968 sọ pé bó ti wù kí olówó lásán, bíi ti káàdì tàbí ti ilé ìwòsàn, pọ̀ tó, gbogbo wọn lápapọ̀ kò gbọ́dọ̀ gbà ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó tó kù lẹ́yìn owó orí. Owó ìbánigbófò tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí kì í ṣe ara ohun tí wọ́n ń yọ kí wọ́n tó ṣírò. Ẹni tí ohun tó kù fún un lọ́sẹ̀ kò bá ju dọ́là 217.50 lọ, wọn kò ní í fọwọ́ kàn án.

Ẹni tó tètè dé odò ni í pọn omi tó mọ́: ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, olówó tí àṣẹ rẹ̀ kọ́kọ́ dé ló ń gbà, àwọn yòókù ń dúró. Ṣùgbọ́n owó ìtọ́jú ọmọ ń fò wọ́n kọjá. Ká ní dọ́là 600 ló kù lọ́sẹ̀, tí ti ọmọ gba 100, dọ́là 50 péré ló ṣẹ́ kù fún olówó káàdì. Bí ti ọmọ bá tó 150, olówó káàdì kò rí nǹkan kan. Ti ọmọ nìkan lè gba ìdajì, nígbà mìíràn ìdá 60 nínú 100, kó tún fi ìdá 5 kún un bí gbèsè náà bá ti ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ. Ìjọba lè gba ìdá 15 nínú 100 fún owó ilé-ìwé tó yáni láìlọ sí kóòtù, lẹ́yìn ìwé ìkìlọ̀ ọgbọ̀n ọjọ́. Ọ̀fíìsì owó orí ìjọba àpapọ̀ kò tilẹ̀ tẹ̀ lé ààlà ìdá kan nínú mẹ́rin. Iye tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń ṣírò. Ní Texas, tí Yorùbá pọ̀ sí ní Houston, wọn kì í gé owó iṣẹ́ nítorí gbèsè káàdì rárá.

Gbèsè kejì ló léwu jù. Òfin àpapọ̀ kò gbà kí ọ̀gá lé òṣìṣẹ́ nítorí àṣẹ lórí gbèsè kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n bí ti ẹlòmíràn bá tẹ̀ lé e, ààbò yẹn ti ká, àfi níbi tí òfin ìpínlẹ̀ bá ṣàánú. Nítorí náà, olówó kejì ló yẹ ká tètè bá dúnàádúrà, kó tó dé kóòtù.

Bí a bá sì ń sunkún, à á máa ríran. Ó yẹ kí onígbèsè máa wo ìwé owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá gé ju ààlà lọ, kó tètè kọ̀wé sí kóòtù tó pàṣẹ. Bí ọ̀ràn bá kọjá agbára, tó sì lọ sí kóòtù àwọn tó wọko gbèsè, gígé ti àwọn olówó lásán yóò dúró lójú ẹsẹ̀; ti ọmọ yóò máa bá a lọ.