Àyè Sípánà Lára Ògiri

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń bó ẹ̀gẹ́, tí ẹ ń lọ̀ ọ́, tí ẹ ń yan gààrí káàkiri Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ọ̀rọ̀ sípánà ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Nígbà tí mo ń tọ́jú ẹ̀rọ nílé gààrí kan, bẹ́líìtì ẹ̀rọ dẹ̀ lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ pọ̀. Sípánà nọ́ńbà 13 la fi ń tún un ṣe, kò sì ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú 10 lọ. A wá sípánà náà lábẹ́ àga, a wá a nínú agolo ìṣó, a tú àpò ọmọ iṣẹ́ wò. Díẹ̀ ló kù kí ẹnì kan pe ẹnì kejì lólè. Ilẹ̀ ṣú, a ò rí i. Ẹ̀gẹ́ tí àwọn ìyá ti bó láti àárọ̀ sùn mọ́jú nínú ooru. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ènìyàn: èyí tí a ò tíì bó pàápàá, bó bá lo ọjọ́ 2 sí 3 lẹ́yìn tí a wú u, inú rẹ̀ á máa dúdú. Ìgbà tí a kó èèpo lọ́jọ́ kejì la tó rí sípánà, lábẹ́ òkìtì èèpo, kò ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ sí ẹ̀rọ. Ìyá arúgbó kan tó ni ẹ̀gẹ́ tó bàjẹ́ jù kò bú mi. Ó kàn dúró, ó ń wo ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ìwò yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo kan ìṣó mọ́ ògiri, mo fi gbogbo sípánà kọ́, mo sì fi èédú fa ìlà yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Ẹni tó bá mú un tí kò dá a padà, ògiri á sọ: àyè á ṣófo, á wá ku ìlà èédú nìkan. Láti ìgbà náà la ò ti wá sípánà mọ́, a ò sì fura sí ara wa mọ́.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ 5 làwọn ará Jàpáàn fi ń tọ́jú ilé iṣẹ́ wọn: seiri, seiton, seiso, seiketsu, shitsuke. Kó ohun tí o kò lò kúrò; fi èyí tó kù sí àyè rẹ̀; gbá ibẹ̀ mọ́; sọ ọ́ di òfin; sọ ọ́ di ìwà. Èyí tó kẹ́yìn ló le jù. Ẹni tí ọ̀gá ń ṣọ́ lè gbálẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tó ti di ìwà fún ni yóò gbá a lọ́jọ́ tí ọ̀gá kò sí nílé.

Ẹ wo iṣẹ́ wa dáadáa, ẹ óò rí i pé ètò ló ń sọ ẹ̀gẹ́ di oúnjẹ. Májèlé sáyánáìdì wà lára ẹ̀gẹ́ tútù. Lílọ̀, kíkan, fífún àti yíyan ló ń lé e kúrò. Bí àpò àná bá dàpọ̀ mọ́ tòní, ta ló máa mọ èyí tó ti kan tó? Ẹ fi àmì ọjọ́ sára àpò kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbé e sábẹ́ jáàkì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ eléèpẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, kí gààrí yíyan gba òmíràn jáde, kí wọ́n má pàdé rárá.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Eku ni aláǹgbá tiwa. Ọdún 1969 ni wọ́n rí ibà Lassa ní ìlú Lassa, ní ìpínlẹ̀ Borno; lẹ́yìn náà la wá mọ̀ pé ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku lára oúnjẹ lè gbẹ̀mí ènìyàn. Nítorí náà, ẹ má sá gààrí sétí títì. Ẹ kó o sínú ohun tó ní ìdérí, kí ẹ sì gbá èyí tó dà sílẹ̀ kí alẹ́ tó lẹ́.

Èèpo ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kó jẹrà lẹ́yìn ilé kó máa rùn sí aládùúgbò. Nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Íbàdàn níbí lọ́dún 1967, àwọn onímọ̀ ILRI, ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn, fi hàn pé a lè lọ èèpo tútù, ká fún un, ká jọ̀ ọ́, ká sì gbẹ ẹ́ di oúnjẹ ẹran. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù 3 èèpo ló ń di tọ́ọ̀nù 1. Owó là ń dà nù, tí à ń pè é ní ìdọ̀tí! Omi tó ń ro lábẹ́ jáàkì, ẹ gbẹ́ kòtò fún un, kó má ṣàn lọ sódò tí à ń mu.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin mi, ẹ wé ìró yín le dáadáa, kí ẹ má sún mọ́ bẹ́líìtì tí kò ní ìbòrí. Ẹ sọ fún ẹni tó ni ẹ̀rọ kó bò ó. Kì í ṣe àfojúdi, ẹ̀mí yín lẹ ń tọ́jú.

Ẹ má sọ fún mi pé iṣẹ́ ò jẹ́ kí ẹ rí àyè gbálẹ̀. Ọ̀bùn ló rí ikú ọkọ tìràn mọ́. Gbígbálẹ̀ wà lára iṣẹ́, bí yíyan ṣe wà lára rẹ̀. Ẹ ya ìdajì wákàtí tó kẹ́yìn ọjọ́ sọ́tọ̀ fún un. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.

Bí ẹ bá sì ń lọ sílé, ẹ bojú wẹ̀yìn wo ògiri. Bí àyè kan bá ṣófo níbẹ̀, ẹ má tíì lọ.